Àga Kílò Mọ́kàndínlọ́gọ́ta

Iṣẹ́ tí mo ń wá wọn kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ń wá iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí ọ̀gá ibẹ̀ kì í pariwo, èyí tó sún mọ́ ilé. Èmi ń wá èyí tó jẹ́ pé kí wọ́n tó béèrè orúkọ mi, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí n bọ́ bàtà kí n gun orí ìwọ̀n.

Irin ni mo ń gbé. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti sọ báyìí, àwọn èèyàn á wo apá mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, ìwọ náà? Èmi náà ni. Nínú eré irin gbígbé, bí ara èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń pín in sí ọ̀wọ́, kí ẹni ńlá má baà máa fi ẹni kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ́ tèmi ni ti àwọn obìnrin tí ara wọn kò ju kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ. Ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń san owó oṣù fún èèyàn nítorí irin gbígbé, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n ní àyè fún tẹ́lẹ̀, ẹnì kan fún ọ̀wọ́ kan. Ó ti ku mẹ́rin báyìí, mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé. Àga ni wọ́n ń pe àyè yìí. Ẹni tó bá wà lórí àga kì í sì í ráyè jókòó, torí pé ní òwúrọ̀ á máa ka páìpù ní ilé ìkẹ́rùsí, ní ọ̀sán á máa gbé irin, bí ìdíje bá sì dé, á lọ gbé e lórúkọ ilé-iṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ní agbábọ́ọ̀lù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n ní alásè tiwọn, wọ́n ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fọ bàtà lọ. Mi ò bá agbábọ́ọ̀lù jà o. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ. Àwa tí à ń gbé irin, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi wá sí, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn tábìlì tó ti kán sí tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tábìlì náà ṣì wà níbẹ̀. Pákó la fi tẹ́ ilẹ̀, torí bí irin bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì òkè á rán èèyàn wá béèrè bóyá a fẹ́ wó ilé ni.

Àga kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta kò ṣófo. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni Àǹtí Irin. Orúkọ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè é nìyẹn, kódà ọkọ rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, ó ti bímọ méjì, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án lórí àga. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ máa ń dún, ẹni tó wà lókè á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Òun ló kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní kó bá wọn kó páìpù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mò ń jìyà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà: tíṣà ní kí n gbé tábìlì mi lé orí kí n dúró síta títí aago á fi lù. Àǹtí Irin dúró, ó wò mí, ó bi tíṣà pé láti ìgbà wo. Tíṣà ní láti àárọ̀. Àǹtí ní kí wọ́n bá òun pe ìyá mi. Bí mo ṣe dé ìdí irin nìyẹn. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́jọ gbáko, tí iṣẹ́ tirẹ̀ bá ti parí lọ́sàn-án, èmi ló kàn, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba àga, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í fi àga jogún, wọn kì í sì í fi í tọrẹ. Bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ti àga náà pa, wọ́n á gbé owó oṣù rẹ̀ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bó bá ṣàìsàn, bákan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ ìta fi lè débẹ̀ ni kó wá lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kó bá ẹni tó wà lórí àga gbé irin ní gbangba, kó sì borí rẹ̀. Bó bá borí, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó fìdí rẹmi á dá ìwé ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ padà, ó dìgbà.

Ó sì gbọ́dọ̀ borí lóòótọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin tó wà lórí àga kílò mọ́kànléláàádọ́rin mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí irin já bọ́ lọ́wọ́ òun, nítorí pé ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń bá a díje. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tí mi ò tíì rí kó gbé ohun tó wúwo ju bírò lọ, rí i. Ó ní bí ẹni tó wà lórí àga kò bá fẹ́ àga, ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ ẹ. Wọ́n tì í pa lọ́jọ́ kejì. Àga yẹn ti di ti aṣọ́lé kẹta nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje rí. Ó máa ń kí mi dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mi ò wá ibòmíràn. Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá. Mẹ́jọ kò dáhùn. Báńkì kan fèsì pé àwọn ń gba eléré ìdárayá síṣẹ́, ṣé mo mọ dráfù ta. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ní kí n wá. Mo kó àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta sínú ọ̀rá, mo lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yìn mí gidi, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan wà, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa já ẹrù inú rẹ̀. Èyí tó ṣìkẹ́yìn ní kí n padà wá tí mo bá ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. Nítorí náà, àga ni, tàbí kí n máa jókòó sílé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, oríṣi méjì la máa ń gbé. Ti àkọ́kọ́, èèyàn á fa irin látilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ti èkejì, á kọ́kọ́ gbé e dúró lé èjìká, kó tó tì í sókè. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn ní oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ro èyí tó wúwo jù nínú àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó wúwo jù nínú èkejì. Olúkúlùkù ní káàdì lórí tábìlì, ibẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ máa ń kọ iye kílò tó fẹ́ gbé sí. Bó bá ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè yí i padà. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré ló ń kọ́kọ́ gbé.

Èmi kò ní olùkọ́ mìíràn. Olùkọ́ tí ilé-iṣẹ́ ní tẹ́lẹ̀ ti lọ ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀. Nítorí náà, Àǹtí Irin ló ń kọ káàdì tirẹ̀, òun náà ló sì ń kọ tèmi, bírò kan náà. Á kọ iye tó fẹ́ fi borí mi sí ọ̀kan, á yí sí èkejì, á kọ iye tí mo lè fi borí òun. Àwọn tó ń wò wá máa ń rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tèmi ni kí n gbé irin, tòun ni ìṣirò, òun kò fẹ́ kí n máa ro ohunkóhun mìíràn bí irin bá wà lọ́wọ́ mi. Fún ọdún mẹ́jọ, mi ò ro nǹkan kan.

Mo ti bá a díje lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́ ó fi kílò márùn-ún borí mi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kílò méjì. Lọ́dún yìí mo pé ọmọ ọdún méjìlélógún, apá mi ti le, gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló sì ń sọ pé ó kù díẹ̀.

Ìyá mi ló kó ìrònú wọ̀ mí lórí. Aránṣọ ni, aṣọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń rán, nínú yàrá iwájú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe ìdánwò, mò ń bá a di etí aṣọ mú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi mí pé ta ló ń kọ iye tí mo máa gbé. Mo ní Àǹtí ni. Ó ní ta ni mo wá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Àǹtí ni. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé orí rẹ pé ṣá?"

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé kò mọ Àǹtí. Ó ní òun kò bá Àǹtí jà, òun kàn mọ ohun tí ọmọ méjì ń jẹ lóṣù ni. Ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. A rán ṣòkòtò mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì gbọ́ ohun mìíràn tó sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹni tí kò ṣírò rí, tó bá bẹ̀rẹ̀, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo rántí pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí a bá wà nídìí oríṣi kejì, tí mo bá ti gbé kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún, tí mo ní kí a fi kílò kan kún un, Àǹtí máa ń ní ó tó, kí n lọ wọ bàtà mi. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún, mi ò gbé e rí. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù méjì ṣáájú, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí kò fẹ́ kí n tún gbìyànjú.

Ìwé òfin eré irin kan wà lára ògiri yàrá wa. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kí n tó dé, eruku ti bò ó, mi ò sì kà á rí torí mo rò pé ti Àǹtí ni. Mo nu ojú rẹ̀, mo kà á látòkè délẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé bí àwọn méjì bá gbé iye kan náà, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ló borí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń fúyẹ́ ju Àǹtí lọ. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ohun tí wọn kò fẹ́ kí n rí, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdánwò náà, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Wọ́n ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tẹ́ pákó wa sáàárín. Yàtọ̀ sí àwọn adájọ́ mẹ́ta, akọ̀wé àti ọ̀gá òṣìṣẹ́, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá wòran. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ àwọn agbálẹ̀ tí wọ́n ń dúró kí a tètè ṣe tán. A gun orí ìwọ̀n. Àǹtí wọn kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta géérégé. Èmi wọn méjìdínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀. Mo gba ààbọ̀ kílò yẹn, mo fi pa mọ́ sínú ọkàn mi.

Àǹtí jókòó tì mí, ó bá mi fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní mo sùn. Irọ́ ni mo pa.

Nínú oríṣi àkọ́kọ́, mo gbé mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó gbé ọgọ́rin. Ó ti fi kílò kan ṣíwájú mi nìyẹn. Nínú oríṣi kejì, mo gbé, ó gbé, mo tún gbé, ó tún gbé, kò sẹ́ni tí irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wá kan ìgbà ìkẹyìn tirẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n kó sórí ọ̀pá. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀, ó fojú sí i lára.

Mo wò ó dáadáa. Ó gbé e dé èjìká, ó lóṣòó pẹ̀lú rẹ̀, mo gbọ́ orúnkún rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó tì í sókè, apá rẹ̀ nà tán, ó sì dúró títí àwọn adájọ́ fi tan iná funfun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó fi hàn pé ó gbé e yanjú. Kò sí ẹni tó máa rí ìyẹn tó máa ní kò gbìyànjú. Kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Méjìlélọ́gọ́rùn-ún ló wà lórí káàdì tèmi nígbà yẹn. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, kò tíì mí délẹ̀, ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó mú bírò, ó pa á rẹ́, ó kọ mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń kọjá, ó ní kí n lọ mu omi. Ó lọ jókòó ní kọ̀rọ̀, ó gbé orí lé orúnkún.

Mi ò mu omi. Mo ṣírò. Kílò kan ló fi ṣíwájú mi ní àkọ́kọ́, mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló gbé ní èkejì. Bí mo bá gbé méjìlélọ́gọ́rùn-ún, a dọ́gba. Bí a bá dọ́gba, èmi ni mo fúyẹ́, èmi ni mo borí. Méjìlélọ́gọ́rùn-ún sì rèé, ìwọ̀n tí mò ń gbé lójoojúmọ́. Kí ló wá dé tí ó fi kọ èyí tí mi ò gbé rí? Ohùn ìyá mi ni mo ń gbọ́ létí mi, pẹ̀lú ìró ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo lọ sídìí tábìlì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ bàbá kan tó ní awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Mo ní mo fẹ́ yí iye tèmi padà sí méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Ó ní olùkọ́ mi ńkọ́. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ẹ̀kejì rèé, kò tún sí òmíràn mọ́. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n kó irin sórí ọ̀pá. Àǹtí gbórí sókè. Bí ìyá mi ṣe ń wo èèyàn tó ń mọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe gbòòrò tó, bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ń wo irin, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún un. Mo rí ojú rẹ̀ tó dúró sórí irin kékeré tó wà létí ọ̀pá. Ó wo tábìlì. Ó wo èmi. Mo wo bàtà mi. Wọ́n ti pè mí, aago ti ń ka. Ó dìde, ó wá bá mi, ó fa bẹ́líìtì mi wọ ihò kan sí i.

"Gbé e bíi pé ó wúwo ju báyìí lọ," ó ní.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa ọwọ́ mi kó má baà yọ̀, mo bọ́ sórí pákó. Mo tẹ̀, mo di ọ̀pá mú, mo fà. Ká sòótọ́, mi ò mọ ìgbà tó dé èjìká mi. Mo dìde bí ẹni tó ń dìde nídìí oúnjẹ. Mo tì í, ó lọ sókè, ó dúró, ó sì dà bíi pé ó máa gbà kí n fi nǹkan kún un. Iná funfun mẹ́ta. Mo sọ irin sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Mo ti rí ìwé ìdánimọ̀ mi pẹ̀lú àwòrán mi lára rẹ̀. Mo ti rí ojú ìyá mi. Ayọ̀ gbá mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rántí wá ibi tí Àǹtí wà.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ bi wọ́n nídìí tábìlì pé ta ló borí. Bàbá akọ̀wé gbé awò orí rẹ̀ wá sójú, ó rò ó, ó ní wọ́n dọ́gba. Mo dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Mo ní èmi ni mo fúyẹ́ jù.

Olórí àwọn adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan, wò mí. Ó bi mí pé níbo ni mo ti ka ìyẹn. Mo ní lára ògiri. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní òfin yẹn ti yí padà tipẹ́tipẹ́. Ó ní bí èèyàn méjì bá dọ́gba báyìí, wọn kì í wo ara mọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé iye náà ló borí. Àǹtí ti débẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lórí ìjókòó.

"Kí wọ́n bá yín yọ ìwé yẹn kúrò," adájọ́ náà ní.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àga wà bó ṣe wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, kò sí ìwé tí òun fẹ́ kọ nìyẹn. Ó kí àwa méjèèjì kú iṣẹ́, ó sì jáde lọ wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sáré yí pápá ká. Àwọn agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa tábìlì padà sí àyè wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀ọ́ kúrò lọ́nà.

Mo bá Àǹtí nínú yàrá wa lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn tábìlì tó kán, ó ń tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Kò bi mí bóyá èmi ni mo yí káàdì. Ó ní kí ló dé tí mo fi yí i.

Mo lè purọ́. Mo lè ní òfin ara ògiri ló tàn mí, ó sì máa jẹ́ òótọ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ wà láàárín wa.

"Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n kùnà ni," mo ní.

Ó tú báńdéèjì náà tán, ó ká a mọ́wọ́, ó fi sápò.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún wà lára rẹ," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí i. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí o gbé e níbí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí o ná an tán sínú yàrá yìí."

Mo ní ẹ̀yin kò sọ fún mi. Ó ní ìṣirò ni, tòun sì ni ìṣirò. Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá dùn mọ́ mi bó bá jágbe. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

Ó wá fa fóònù yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń pè.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní. "Èmi ni, obìnrin tó ń gbé irin. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé mọ́." Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "Rárá, mà, owó náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó yẹ kó gba ipò mi níbí ni kò rí i gbà. Tí mo bá kúrò báyìí, wọ́n á tì í pa." Ó tún gbọ́. "Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dúró de ọdún kan. Ẹ fún ẹlòmíràn, mà. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan ni, wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Ó ní àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà. Ó ní kò sí àtẹ̀gùn ní gbogbo ọgbà náà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún pè wọ́n. Mo ní mi ò fẹ́ àga mọ́, kó jẹ́ kí wọ́n tì í pa, kó lọ. Ó ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, ó ti rẹ̀ mí ni. Ó ní kí n bá òun tú bàtà òun, orúnkún ọ̀tún kò fẹ́ ká.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí pákó, mo tú okùn bàtà ọ̀tún, mo fà á bọ́, mo tú ti òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tí mo bọ́ bàtà méjèèjì tán, mi ò dìde.